Ìka Kò Dọ́gba: Àyẹ̀wò Ohùn Minimoog àti JP-8000

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àléébù ni kí ohùn méjì tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan má dọ́gba. Nínú synthesizer, ìyẹn dùùrù tí ń fi agbára iná mànàmáná kọrin, irú àìdọ́gba bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń fún ìró gbígbẹ ní ẹ̀mí.

Oscillator ni ẹ̀yà tí ń bí ìró nínú ẹ̀rọ náà. Bí ọ̀kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí èkejì ń gbọ̀n ní ìgbà 442, etí kì í gbọ́ ohùn méjì. Ohùn kan ni í gbọ́, tí ń lágbára tí ó sì ń rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Òòlù píánò a máa lu okùn mẹ́ta pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ohùn rẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba pátápátá, ohùn náà a pẹ́ kí ó tó kú.

Oscillator mẹ́ta ni Minimoog ní, èyí tí ilé iṣẹ́ Robert Moog gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1970. Olórin ni ó ń fi ọwọ́ àti etí ara rẹ̀ ya èkejì àti ẹ̀kẹta kúrò lára àkọ́kọ́. Ooru inú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú a sì máa yẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi kún, tí kò sì súni.

JP-8000, tí Roland ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1996, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìró rẹ̀ tí a ń pè ní Super Saw, ohùn méje ni ó parapọ̀, bọ́tìnnì yíyí kan ṣoṣo ni ó sì ń pín ìyàtọ̀ fún gbogbo wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ìró náà fẹ̀, ó sì lẹ́wà, àwọn olórin trance kò sì fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn rẹ̀ ni ewu rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀ jù, ojú ohùn a ṣókùnkùn, etí kò sì ní mọ ibi tí orin dúró sí. Orin tí kò lórí tí kò nídìí a sì rí ibi fara pamọ́ sí.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi. Minimoog ń fi ipá mú olórin gbọ́ ohun tí ó ń ṣe. JP-8000 ń fún un láyè láti má gbọ́ ọ. Ìka kò dọ́gba, ọwọ́ sì dára bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.