Ìyìn Olùkọ́ Tí Ń Bi Ọmọ Léèrè

Ẹni tí ó bá gun òkè Ọ̀kà, tàbí tí ó wọ Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó, tí ó sì bá olùkọ́ tí ó kó ọmọ jáde sábẹ́ igi, tí ó ní kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ìṣirò, tí ó béèrè, tí ó sì dákẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ lè wá ìdáhùn, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni òun ń wò. Inú àlọ́ àpamọ̀ ni àwọn baba wa ti mọ ọnà ìbéèrè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, kí ọmọ lè fi èdè ara rẹ̀ ronú, kí ó sì dáhùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ Àkókó, ẹ má dẹ́kun ìbéèrè.