Àwòrán tí a já gbà lẹ́yìn Saint-Lazare

Àwòrán kan wà tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kì í yé fi han akẹ́kọ̀ọ́: ọkùnrin kan fò sókè lórí omi tó dárogún lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris, ó ku díẹ̀ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan omi. Henri Cartier-Bresson ló yà á ní 1932. Wọ́n ní ojú rẹ̀ yá, ó mú àkókò náà gan-an. Ìyìn yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ wo ògiri ẹ̀yìn: ìwé ìpolówó oníjó kan wà níbẹ̀, òun náà ń fò, ṣùgbọ́n ó kọjú sí òdìkejì. Ẹ wo àkàbà tó sùn sínú omi. Òjìji ọkùnrin náà dàbí ẹni tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Leica ló fi yà á, ẹ̀rọ kékeré ará Jámánì tó jáde sọ́jà ní 1925. Fíìmù sinimá ló ń lò, ó sì lè ya àwòrán 36 kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé àwọn ẹ̀rọ ńlá kà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yà á rí i, á tún aṣọ ṣe, á dúró gbọn-in. Ọkùnrin yìí kò ráyè tún nǹkan kan ṣe. (Ní 1931, Cartier-Bresson ń ṣọdẹ ẹran ní Côte d'Ivoire kí ibà tó lé e padà sílé, ìṣe ọdẹ kò kúrò lára rẹ̀.)

Nígbà tí ìwé àwòrán rẹ̀ jáde ní 1952, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ The Decisive Moment, bí ẹni pé àyànmọ́ ló dé. Images à la sauvette ni ti Faransé. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè náà mọ ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí júwe: òǹtajà ẹ̀bá títì tí kò ní ìwé àṣẹ, tí ojú rẹ̀ ń ṣọ́ ọlọ́pàá, tó ṣe tán láti di ẹrù sá. Àkọlé yìí ni mo fara mọ́, nítorí ó jẹ́wọ́ ìjágbà tó wà nínú iṣẹ́ náà. Àlàfo pákó ọgbà ni ayàwòrán ti yọjú. Pákó bo apá òsì, wọ́n sì gé e kúrò nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé iṣẹ́ òun.

Mo fi í wé Meudon tí André Kertész, ará Hungary, yà ní 1928: ọkọ̀ ojú irin ń gba orí afárá gíga kọjá, ọkùnrin onífìlà kan ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹrù tí a fi ìwé ìròyìn wé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kertész ya òpópónà yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Sùúrù wà níbẹ̀ tí mi ò rí nínú ti Saint-Lazare, níbi tí ojú ẹni tó ń fò kò ti hàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ó fẹ́.