Èkejì Ńkọ́?

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ mi ò tíì wádìí ìròyìn kan fún àwọn ọmọdé láti ìgbà náà kí n má gbọ́ ohùn wọn létí mi: "Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì ńkọ́?" Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn la ti jọ ṣiṣẹ́. Àwọn ni olóòtú ìròyìn àwọn ọmọdé, èmi ni olùwádìí wọn. Gbogbo wa là ń pè wọ́n ní Màmá, títí kan ọ̀gá àgbà tó jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí. Ohun tí wọ́n kọ́ mi kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà nípa iṣẹ́ ìròyìn.

Bí a ṣe ń tọpa ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣojú rẹ̀, ẹni tó bá ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ti mọ ìyẹn. Ibi tí Màmá ti yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó ń jẹ ọmọ lọ́kàn kí ìròyìn tó jáde.

Bí a bá ti kó ọ̀rọ̀ jọ tán, wọ́n á ní kí n pa ìwé dé, kí n lọ bá ọmọ kan tó tó bí ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Gbólóhùn kan péré ni kí n sọ fún un, kí n sì dákẹ́. Mi ò gbọdọ̀ bi í pé "Ṣé ó yé ẹ?", torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á ní ó yé òun. Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde, ti ilé-ìwé ni: Kí ni? Níbo ni? Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e ló le. Ẹnu àgbàlagbà á máa yún un láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n bí o bá lè mú sùúrù, tí ọmọ náà padà sídìí òkòtó tó ń ta, ó máa ṣàdédé gbójú sókè béèrè èyí tó wà níkùn rẹ̀. Bó bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí o kọ ọ́. Má tún un ṣe.

Ọdún 2014 ni mo rí agbára ìbéèrè kejì yìí. Ní 20 oṣù Keje, ọkùnrin kan tó ti Liberia bọ̀ gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ ti gba ìlú kan pé kí kálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lẹ́yìn náà pé ó kéré tán èèyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwa ti ní àlàyé rẹpẹtẹ nílẹ̀. Màmá ní kí n lọ bá ọmọbìnrin kékeré kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá ọgbà wa. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá Èkó jìnnà. Mo dá a lóhùn, mo dákẹ́. Ó bu ẹ̀wà fún oníbàárà kan, ó gbowó, ó ka ṣéńjì, ó wá wò mí: "Bí orí bá ń fọ́ màámi lálẹ́ òní, ṣé mo lè sùn tì wọ́n?"

Kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú gbogbo ìwé tí mo kó jọ. Mo gbé e lọ bá dókítà kan bó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ. Dókítà náà ti ń tú àlàyé sílẹ̀ nípa àmì àìsàn tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo ka ìbéèrè yẹn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Sọ fún un pé kò sí Ebola ní Ìbàdàn níbí. Kó sùn ti ìyá rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí orí náà ò lọ, kí wọ́n lọ sí ilé-ìwòsàn." Ọ̀rọ̀ yìí ni Màmá fi ṣí ìròyìn ọjọ́ yẹn. Onímọ̀ tó ń dá àgbà lóhùn a máa rí ọ̀rọ̀ ńláńlá sá sí. Ìbéèrè ọmọ kì í fún un láyè.

Ọjọ́ orí ń yí ìbéèrè kejì padà o. Ọmọ kékeré á béèrè nípa ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Èyí tó ti ń lọ sí ọdún méjìlá á béèrè ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tó ṣe é re. Nígbà tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tó tọ́jú ọkùnrin tó ti Liberia bọ̀ náà, kú ní 19 oṣù Kẹjọ, ohun tí ọmọkùnrin kan bi mí ni pé ta ló pàṣẹ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí aláìsàn yẹn jáde. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ńṣe ni àwọn kan fúngun mọ́ Dókítà náà pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ̀. Ibẹ̀ ni ìròyìn wa dúró lé. Nígbà tí wọ́n sì kéde ní 20 oṣù Kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola, Màmá ní kí a sọ ọ́ ní tààrà pé nínú èèyàn 20 tó kó o, 8 kú, 12 yè. Wọn ò gbà kí a sọ pé àwọn 8 náà "sùn". Ọmọ tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á máa bẹ̀rù oorun.

Inú dúrọ́ọ̀ Màmá ni àwọn ẹ̀dà Aworẹrin àtijọ́ wà, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé tí wọ́n ń tẹ̀ n'Ìbàdàn láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Bí iṣẹ́ bá sú mi, wọ́n á fa ọ̀kan yọ, wọ́n á ní kí n kà á sókè. Mo ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe máa ń di ojú, tí ètè wọn á máa bá mi lọ.

Ohun tí mò ń gbọ́ lórí afẹ́fẹ́ báyìí ń bí mi nínú. Wọ́n á da ìròyìn àgbà kọ látorí fóònù, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á fi orin sí i nídìí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á fi ohùn tín-ín-rín kà á. Ẹran tútù ni, bí wọ́n tiẹ̀ gé e wẹ́wẹ́. Kò sí ọmọ kankan tí wọ́n bi. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn gbogbo nǹkan ní ìṣẹ́jú àáyá pàápàá, ìbéèrè tí o bá gbé fún un ló máa dáhùn, kò lè dúró ti oníẹ̀wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ má ka olùwádìí ìròyìn ọmọdé sí ẹni tí ẹ lè fi ẹ̀rọ rọ́pò. Ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan lórí ìròyìn kan, kí ẹ sì fún un lówó ọkọ̀ àti owó ìpè.