Amebo àti Àwọn Ará Ọjà

Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré The Village Headmaster hàn, eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, ó sì wà lójú àwọn òǹwòran títí di ọdún 1988. Ọjà ni orúkọ ìlú inú eré náà, ìlú Yorùbá tí ó ní ọba, olóyè, ilé-ẹ̀kọ́ àti àlejò. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí eré yìí ti kógbá sílé kò mọ Ọlọ́ja, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí a tìtorí rẹ̀ sọ eré ní orúkọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá rí ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í dúró sí ikùn rẹ̀, "amebo" ni wọn yóò pè é. Orúkọ obìnrin kan ní Ọjà ni wọ́n ń pè yẹn, Ìbídùn Allison ni ó sì ṣe é. Nígbà tí orúkọ ènìyàn bá di èébú lẹ́nu gbogbo ayé báyìí, ó tọ́ kí olùwòye béèrè bóyá ìyìn ni fún eré náà tàbí àléébù.

Ìyìn ni ní apá kan. Òṣèré mẹ́ta, Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson àti Justus Esiri, ni ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlú Ọjà kò sì tú. Ipò ni a dá, a kò dá ènìyàn. Ìwé, òfin àti ọ̀làjú ni ọ̀gá náà dúró fún, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ti gún lè gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Ti Olóyè Eleyinmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ara Fúnṣọ́ Adéolú ni oyè náà wà. Ẹni tí ó bá sì ti rí i nínú eré kò ní kà á sí ohun ìyanu pé ọkùnrin náà padà jọba gan-an, tí ó di Aláyé ti Òde-Rẹ́mọ. Amebo náà kì í ṣe ẹ̀wù tí a lè bọ́ fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọjà? Ààfin wà lọ́tọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́tọ̀, ilé oníkálukú sì wà láàyè tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, kò sí ìjà, kò sí ìlàjà, kò sí eré. Ẹnu obìnrin yìí ni afárá tí ìtàn ń gbà kọjá. Àwọn àgbà ní òfófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ni ó mọ. Amebo kò tilẹ̀ rí ọpẹ́ gbà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi san án. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbé ọ̀rọ̀ kiri kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìkan ní ìlú tí ó ní ọba. Èyí tí olóyè gbé wọ ààfin, ìmọ̀ràn ni à ń pè é. Èyí tí obìnrin gbé jáde níbẹ̀, òfófó ni. Ibi tí eré náà ti yẹ kí ó fi ojú tínrín ìwà wa nìyí, ó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ó ti bá a.

Ọ̀ràn èdè tún dá kún un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe eré náà, ti àwọn ọ̀mọ̀wé àti ti ẹsẹ̀ títì. Ìdí wà fún un. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 kò tíì parí nígbà tí eré náà jáde, kò sì parí títí di 1970. Ohun ńlá ni kí ìlú Yorùbá kan ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ gba Bassey Okon, ará Kàlàbá tí Jab Adu ṣe, àti Tíṣà Garuba tí Joe Layode ṣe, kí gbogbo wọn sì gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tí ó bá bu ẹnu àtẹ́ lu èyí kò rántí bí ayé ti rí nígbà náà.

Ààfin ni àwáwí yìí kò ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí Ọlọ́ja àti olóyè rẹ̀ bá dá jókòó, tí àlejò kankan kò sí láàárín wọn, ta ni wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè náà ní fún "ìwọ" àti "ẹ̀yin"; etí òǹwòran kò lè mọ ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún ẹni àti ẹni tí ó fi ojú di ẹni. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni ó kù láti sọ ọ́. "Kábíyèsí" nìkan ń dá rìn láàárín ọ̀rọ̀ àjèjì bí ẹni tí ó dé fìlà abetí-ajá sórí kóòtù òyìnbó. Amebo gan-an ni ó pàdánù jù. Olófòófó Yorùbá kì í já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbì. Yóò kọ́kọ́ ní "wọ́n ní", yóò ní kí ẹ má ṣe sọ pé ẹnu òun ni ẹ ti gbọ́ ọ, yóò wo ẹ̀yìn wò, yóò sì búra pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ọgbọ́n ńlá ni, ó ní ìtìjú àti ìbẹ̀rù nínú. Gẹ̀ẹ́sì bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì fi obìnrin náà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lásán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó sọnù, kí ó fi ojú sí Ìbàdàn, níbi tí tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1959. Ibẹ̀ ni Oyin Adéjọbí ti ṣe Kóòtù Aṣípa, eré Yorùbá tí a gbé ka orí ìgbẹ́jọ́. Ìgbẹ́jọ́ kò ní àhunpọ̀ ìtàn tí ó lọ́jú. Ẹjọ́ dé, a rò ó, a dá a. Ṣùgbọ́n ó fún olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ ní àyè láti fi ẹnu ara wọn wí tiwọn, ní èdè tí wọ́n fi ń jà nílé. "Wọ́n ní" kò sì tó níwájú adájọ́. A óò bi ẹlẹ́rìí bóyá ojú rẹ̀ ni ó fi rí i. Bí wọ́n bá sọ fún un ni, a óò béèrè ẹni tí ó sọ ọ́.

Bí a bá tún gbé ìlú Ọjà kalẹ̀ lónìí ní èdè Yorùbá, obìnrin yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. Kí a sì bi í ní ìbéèrè ti kóòtù náà: ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un ní ààfin?