Ta Ni Ó Bu Ọwọ́ Lù Ú? Àríwísí lórí Àyè Ìbuwọ́lù nínú Fọ́ọ̀mù Ìyọ̀ǹda Ìgbohùnsílẹ̀

1. Ìfáárà

Fọ́ọ̀mù olójú-ewé kan ni àpilẹ̀kọ yìí ń ṣe àríwísí rẹ̀. PDF ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ń mú un lọ síbi ìwádìí láti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ìwúlò tirẹ̀: Yorùbá inú rẹ̀ já gaara, ó sì jẹ́ kí olùsọ̀rọ̀ lè gbà pé kí a lo ohùn òun fún ìwádìí, kí ó má sì gbà pé kí a gbé e síta. Ibi tí ó ti kùnà ni àyè ìbuwọ́lù mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀: ti olùsọ̀rọ̀, ti olùwádìí àti ti olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́.

Mo lò ó ní abúlé kan ní agbègbè Kétu. Bàbá tí mo gba ohùn wọn kì í kọ̀wé. Wọ́n tẹ̀ka sórí ìwé, mo ya àwòrán ìka náà, mo sì lò ó ní àyè àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà fọ́ọ̀mù náà ti wí. Nígbà tí olùkọ́ mi ṣí fáìlì náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: ta ni ó bu ọwọ́ lù ú? Àwòrán sọ pé Bàbá ni. Kọ̀ǹpútà sọ pé èmi ni. A kò lè fi ohùn náà pamọ́ sí àkójọ wa títí a ó fi rí ìdáhùn.

Èrò mi ni pé àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹni tó ya àwọn àyè náà kò tú gbólóhùn tí wọ́n dúró fún. Nínú "ó bu ọwọ́ lu ìwé", olùwà kan wà, àbọ̀ méjì sì wà: ẹni, ọwọ́, ìwé. Ó yẹ kí a dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí a tó ya àyè kankan.

2. Ọwọ́

Lórí ìwé lásán, ọwọ́ ẹni a máa jọ ara rẹ̀ níbikíbi tó bá wà, ohun tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Jacques Derrida sọ ọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Montréal ní 1971 pé ìbuwọ́lù gbọ́dọ̀ ṣeé tún ṣe kí ó tó lè jẹ́ ìbuwọ́lù. Ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ni ọwọ́ níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n àmì tí ó ń fi sílẹ̀ yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì, nítorí pé inú ọ̀rọ̀ ìwé gan-an ni a ti ń ṣírò rẹ̀. Èdìdì ni ó jọ jù: ó ń sọ ẹni tó dì í, ó sì ń fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti tú u.

Àwòrán tí ojú ń rí nínú àyè náà kì í ṣe èdìdì yìí. Aṣọ rẹ̀ ni. Ẹni tó ń bu ọwọ́ lù ú lè yan àwòrán tó wù ú, àyè náà sì lè má ní àwòrán rárá. Nítorí náà, ìlànà tó ní kí n fi àwòrán ìka Bàbá sí àyè ìbuwọ́lù ń sọ pé kí n fi kọ́kọ́rọ́ tèmi di ìwé, kí n wá fi ìka wọn bò ó.

3. Ìwé

Báìtì ni ìwé lójú kọ̀ǹpútà, ìbuwọ́lù kọ̀ọ̀kan nínú PDF sì ní àkọsílẹ̀ àwọn báìtì tí ó dì. Ẹyin lọ̀rọ̀ níbí lóòótọ́: bí ọ̀kan ṣoṣo bá yí padà nínú wọn, ìṣirò kò ní bára mu mọ́.

Ẹni tó ń ya àyè ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí yóò tì nígbà tí wọ́n bá bu ọwọ́ lù ú. Nínú Acrobat, ó lè tì gbogbo àyè, ó lè tì díẹ̀, ó sì lè yọ díẹ̀ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù wa yan "gbogbo" fún àyè àkọ́kọ́. Bí olùsọ̀rọ̀ ṣe parí báyìí, ọjọ́ àti ibi ìgbohùnsílẹ̀ tí olùwádìí fẹ́ kọ ti di títì. Ohun tí ó tọ́ ni kí àyè olùsọ̀rọ̀ tì kìkì ohun tí olùsọ̀rọ̀ yàn.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù lè kọ́kọ́ fi èdìdì jẹ́rìí sí i ní ọ̀kan nínú ìpele mẹ́ta: 1, kí ohunkóhun má yí padà, 2, kí a kàn lè kún un kí a sì bu ọwọ́ lù ú, 3, kí a tún lè kọ àlàyé sí i. Ìpele 2 ni ó bá iṣẹ́ wa mu. Ṣùgbọ́n gbogbo àyè gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ẹni tó bá ń ya àyè tuntun lẹ́yìn èdìdì ti tú u nìyẹn.

4. Ẹni

Orúkọ tí ẹ̀rọ fún àwọn àyè náà ni "Signature1", "Signature2" àti "Signature3", kò sì sẹ́ni tó yí wọn padà. Afọ́jú tí kọ̀ǹpútà ń kàwé fún kò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ti àkọtọ́ tún wà níbẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹni máa ń tẹ̀lé káàdì ìdánimọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọlátúnjí ṣe ń di Olatoundji. Kí a fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a ya àyè mìíràn fún orúkọ bí ẹni tó ni ín ti ń pè é, kí èdìdì sì kó o mọ́ra. Fọ́ǹtì Helvetica tí a sábà máa ń bá nínú irú àyè bẹ́ẹ̀ kò tó. Unicode fún é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, U+00E9, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ɔ́ kò ní irú rẹ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń tò pọ̀. Kí a fi fọ́ǹtì tó mọ̀ wọ́n sínú fáìlì.

Èyí tó burú jù ni "Lu et approuvé" tó wà lókè àyè olùsọ̀rọ̀. J. L. Austin ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ kan wà tí sísọ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe, àmọ́ ó ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ pé kí ó tó múlẹ̀. Bàbá kò ka ohunkóhun. Wọ́n gbọ́ ni. "Wọ́n kà á sí mi létí, mo sì gbà" ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

5. Ìgúnlẹ̀

Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018 ní Benin àti òfin 2017-07 ti ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 2017 ní Tógò ti fi ẹsẹ̀ ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà múlẹ̀. Àyè tí a bá yà lónìí lè di ẹ̀rí lọ́la. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́, kí a má ṣe ya àyè kọ́kọ́rọ́ fún un. Kí ìka rẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí àwòrán nínú ìwé, kí ohùn ìyọ̀ǹda rẹ̀ wà nínú ìgbohùnsílẹ̀, kí olùwádìí sì fi èdìdì tirẹ̀ sábẹ́ gbólóhùn yìí: "Èmi ni mo kà á sí wọn létí, ìka wọn nìyí."

Mo mú fọ́ọ̀mù tí a tún ṣe padà sí Kétu. Mo kà á, Bàbá gbọ́, wọ́n tún tẹ̀ka. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò gbà kí a gbé ìtàn ìdílé wọn síta. Nínú fáìlì ti àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ tèmi ni ó ti bá wọn gbà á.