Ta Ló Lọ Bẹ̀bẹ̀ fún Madhu? Wíwo Qayamat Se Qayamat Tak ní Kambolé

Nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní Faransé, láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kambolé títí dé lycée ní Sokodé, ìtàn kan ṣoṣo ló wà fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ìdílé wọn ń bá ara wọn ṣọ̀tá: Roméo àti Juliette. Olùkọ́ tó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ mìíràn á ní, “Roméo àti Juliette tiwọn nìyẹn,” ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ nípa sinimá Híńdì tí wọ́n ń pè ní Qayamat Se Qayamat Tak, gbólóhùn tí mo fi ṣí orí náà ni pé Roméo àti Juliette àwọn ará Íńdíà ni. Mo ti pa gbólóhùn náà rẹ́. Ohun tó mú mi pa á rẹ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ọdún 1988 ni sinimá náà jáde. Mansoor Khan ló darí rẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni. Nasir Husain bàbá rẹ̀ ló kọ ìtàn, òun náà ló sì náwó lé e. Aamir Khan ṣe Raj, Juhi Chawla ṣe Rashmi, eré yìí ló sì sọ àwọn méjèèjì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó gba ẹ̀bùn Filmfare fún sinimá tó dára jù lọ. Àwọn orin rẹ̀ rìn jìnnà ju eré náà fúnra rẹ̀ lọ. Ní Sokodé, mo mọ ọmọkùnrin kan tó lè kọ “Papa Kehte Hain” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, kò sì tíì rí eré náà rí.

Abúlé Dhanakpur ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ratan, ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan, fún Madhu lóyún, ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Jaswant, ẹ̀gbọ́n Madhu, lọ sọ fún àwọn ará ilé Ratan. Wọn kò gbà, wọ́n ní ibòmíràn ni ọmọ àwọn yóò ti gbéyàwó. Madhu pa ara rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Ratan, Dhanraj, ẹ̀gbọ́n Madhu kejì, yìnbọn pa ọkọ ìyàwó, ó sì wẹ̀wọ̀n. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tán kí a tó rí Raj, ọmọ Dhanraj, ní géńdé, àti Rashmi, ọmọ arákùnrin Ratan, ní omidan. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sá lọ. Bàbá Rashmi háyà apànìyàn kí ó lọ pa Raj, ọta ìbọn ba Rashmi, Raj sì fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀. Apá kejì yìí, ti Raj àti Rashmi, ni àwọn lámèyítọ́ máa ń sọ̀rọ̀ lé. Èmi náà kò ka apá àkọ́kọ́ sí ju ìfáárà lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà nílé, mo gbé kọ̀ǹpútà mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá ìyá mi ní Kambolé. Obìnrin méje ló jókòó, láìka àwọn ọmọdé. Híńdì ni wọ́n ń sọ nínú eré, Faransé ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, èmi ni mo sì ń sọ ọ́ ní èdè wa. Mo ka àkọlé sókè, mo sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. N kò tíì la ẹnu tí ìyá àgbà fi ní, “Kí lo pè é? Àlùkìyámà kọ́ nìyẹn?” Mo ní, “Òun ni, ìyá.” Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká wò ó nígbà náà.”

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ni. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà dé àríwá Íńdíà, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, àwọn àlùfáà àti àwọn oníṣòwò góró dé ọ̀dọ̀ tiwa, nítorí ojú ọ̀nà àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn ni Tchamba àti Sokodé wà láyé àtijọ́. Kì í ṣe òun nìkan. Ẹni tó bá ń gbọ́ Híńdì inú sinimá á gbọ́ duniya, á gbọ́ waqt tó bí wákàtí wa, á gbọ́ dua tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí àdúrà, á gbọ́ zamana tí kò jìnnà sí sànmọ́nì. Faransé tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ kò sọ èyí fún mi. Etí ìyá àgbà tí kò kàwé ló sọ ọ́. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́: mo ti lo ọdún méjì lórí sinimá yìí.

Se ni “láti”, tak ni “títí dé”. Nínú Híńdì ojoojúmọ́, wọ́n máa ń lo qayamat fún àjálù ńlá, èyí sì ni àwọn tó ń kọ̀wé nípa eré náà máa ń mú: láti àjálù dé àjálù, òkú Madhu àti Ratan ní ìbẹ̀rẹ̀, òkú Raj àti Rashmi ní òpin. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Àlùkìyámà kọjá àjálù. Ọjọ́ ìbéèrè ni. Wọn yóò bi olúkúlùkù ní ohun tó ṣe. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń retí ẹni tí wọn yóò bi ní ìbéèrè.

Nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1997 nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa, Brian Larkin fi hàn pé àwọn Haúsá ní Kano rí nínú sinimá Íńdíà ọ̀nà kan láti ronú nípa ìfẹ́ àti àyípadà láìgba ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó. Mo gbà á fún Kano, àti fún àwọn ọ̀dọ́ Sokodé náà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kọ́ ló gba àwọn òǹwòran lọ́kàn. Nígbà tí Jaswant wọ ilé àwọn Ratan, ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, “Òun fúnra rẹ̀ ló lọ?” Òmíràn ní, “Kò rí ẹnìkan rán ni?” Ó di àríyànjiyàn, mo sì ní láti dá eré dúró.

Ohun tí wọ́n ń wá ni alárenà, ẹni tí kò sí nínú ìjà, tí wọ́n lè lé jáde lónìí kó sì tún padà wá lọ́la láìsọ pé wọ́n rí òun fín. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ fún un, kò sí ibi tó kù tí ọ̀rọ̀ lè gbà mọ́ ju ìbọn lọ. Mo tún wo eré náà lẹ́yìn ìyẹn, mo sì rí i pé òótọ́ ni: kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ láàárín àwọn ìdílé tàbí láàárín Raj àti Rashmi. Ibi tí àwọn ọmọ méjèèjì sá sí, ilé olódi àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ni àwọn lámèyítọ́ kà sí párádísè kékeré. Ìyá àgbà wò ó, ó ní, “Kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀.”

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi dákẹ́ nígbà tí Madhu kú. Ẹ̀gbọ́n mi kan jókòó sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí itan rẹ̀. Ìdílé bàbá ọmọ náà, ní Tchamba, kọ oyún yẹn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé wa fẹ́ lọ bá wọn jà. Bàbá àgbàlagbà kan tí kò tan mọ́ wa, tí kò tan mọ́ wọn, ló lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó gba obì. Wọn kò fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n wọ́n wá síbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ sì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kàn ń wo Madhu.

Níbi tí Faransé ti kọ honneur, mo ń sọ pé “ọlá”. Nígbà kẹta tí mo sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn: “Ọlá kọ́. Ìtìjú ni wọ́n ń sá fún.” Mo yí i padà láti ibẹ̀ lọ, eré náà sì yé mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá Rashmi kò gbèjà ohunkóhun tó ní. Ohun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ló ń bò mọ́lẹ̀, bí ìdílé rẹ̀ ti bo Madhu mọ́lẹ̀. Èyí ni eré náà mọ̀, tí kò sì sọ jáde. Ibẹ̀ sì ni àlèébù rẹ̀ tó tóbi jù lọ wà lójú mi: ó fi òkú obìnrin kan ṣe ìpìlẹ̀ ilé, lẹ́yìn náà ó gbàgbé obìnrin náà, ó dà á sí ìjà àwọn ọkùnrin. Orin tó dára tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín Juhi Chawla, gbogbo rẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́ láti gbàgbé.

Ní ìparí, àwọn ìdílé méjèèjì ń sáré bọ̀, òkú méjì wà nílẹ̀, oòrùn ń wọ̀. Àwòrán náà rẹwà. Eré parí síbẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú àwọn obìnrin gbẹ; àwọn ọmọdé nìkan ló ń sunkún. Ìyá àgbà ń retí ohun tó kù. Ó ní, “Ìdájọ́ dà?” Mo ní ó ti tán. Ó ní, “Wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan?”

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ́ kí n kọ “Láti Àjálù dé Àjálù” fún àkọlé náà ní Yorùbá, ó sì ní ìdí tó dára. Mo kọ “Láti Àlùkìyámà dé Àlùkìyámà”. A kò tíì fẹnu kò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, ìyá àgbà ní kí n má pa á, kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, síbi tí ọmọbìnrin yẹn ṣì wà láàyè. Iná bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo dá a padà.