Ta Ló Ń Bá Ọ Dánra Wò?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí wa ní Obbo-Ayégúnlẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta. Mo ní ta ló nà án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó nà mí o. Ìdánrawò ni." Ó ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn nígboro Ìlọrin, ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ fún un pé ẹni tí kò bá jìyà nínú ìdánrawò kò lè di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò láéláé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Èmi ò ta ko ìdánrawò o. Ẹni tó bá ń kan afẹ́fẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ṣebí afẹ́fẹ́ kì í dá ẹ̀ṣẹ́ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìjàkadì àwọn baba wa. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ìgbájú; ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n dá. Ọmọdé méjì á fi gbogbo agbára wọn gbá ara wọn mú lórí yanrìn láàárọ̀, wọ́n á sì jọ jẹ iyán lọ́sàn-án. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, Jigoro Kano tó dá judo sílẹ̀ lọ́dún 1882 lo irú ọgbọ́n yìí. Ó yọ àwọn ọwọ́ tó lè ṣeni léṣe kúrò nínú ìdánrawò, kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè fi gbogbo agbára lo èyí tó kù.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn yàtọ̀, torí pé orí ni wọ́n ń kàn án mọ́. Ẹ rántí ìjà Kinshasa. Ọjọ́ 25 oṣù September 1974 ló yẹ kí George Foreman àti Muhammad Ali pàdé, ṣùgbọ́n ìgbúnwọ́ ẹni tó ń bá Foreman dánra wò ló ya á lókè ojú, ni ìjà bá di ọjọ́ 30 oṣù October. Ali ní tirẹ̀ a máa fara ti okùn nígbà ìdánrawò, kí àwọn tó ń bá a ṣe é máa lù ú. Ọgbọ́n yẹn náà ló fi gba adé lọ́wọ́ Foreman ní abala kẹjọ.

Àbí ẹ rò pé ọ̀fẹ́ ni? Ní ọjọ́ 2 oṣù October 1980, Larry Holmes, ẹni tó ti ń bá Ali dánra wò tẹ́lẹ̀, lù ú títí àwọn èèyàn Ali fi dá ìjà dúró lẹ́yìn abala kẹwàá. Lọ́dún 1984, àwọn dókítà ní àrùn Parkinson ló ń ṣe é. Èmi ò sọ pé ìdánrawò ló fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọpọlọ kì í bèèrè bóyá eré ni ẹ̀ṣẹ́ tó bà á, àbí ìjà.

Èmi fúnra mi jẹ̀bi òdìkejì. Nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n yàn mí láti bá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn jiyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kà á fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọbìnrin kan bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n wọn ò ràn mí lọ́wọ́. Ẹ wo àwọn olóṣèlú wa tí alátẹ́wọ́ yí ká, ẹ ó rí irú mi láàárín wọn.

Ẹni tó dára láti bá dánra wò ni ẹni tó máa kàn ọ́ níbi tí o ò dáàbò bò, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó bi ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ẹ̀ṣẹ́ tó wú u lójú yẹn. Bí ọ̀gá ò bá rí èsì fọ̀, kó wá ọ̀gá mìíràn.

Ó ní òun ti gbọ́. Ó ti padà sí Ìlọrin. Mò ń dúró de ọdún Kérésì, kí n tún wo ojú rẹ̀.